Omi Wà, Ọ̀nà Ni Kò Sí

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí tí n kò lè gbé ọ̀rọ̀ àpò kan kúrò lọ́kàn. Àpò Ghana-must-go kékeré ni. Ó ti gbó, síìpù rẹ̀ ti bàjẹ́, okùn aṣọ ni wọ́n fi di ẹnu rẹ̀. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó wà ní igun wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin, ní ilé ìwòsàn kan ní Adó-Èkìtì, ni mo ti rí i. N kò ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà. Kì í ṣe ibẹ̀ nìkan ni irú rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀, àwọn tó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru ọjọ́ náà ṣe gbogbo ohun tí apá wọn ká.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé aláìsàn dé wọ́ọ̀dù rí mọ ìwé pélébé tí wọ́n máa ń kọ lé èèyàn lọ́wọ́: gíláàfù, òwú, plaster, kánúlà tí wọ́n ń kì bọ iṣan, sírínjì, jíìkì. N kò ní fi àlàyé rẹ̀ dá yín dúró. Èmi náà ti ra irú ẹrù bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà, mo kàn ń kùn ni, mo sì ń sanwó. Àpò yìí ló jẹ́ kí n kọ́kọ́ jókòó ro ohun tí mò ń rà.

Aago méjì òru

Ìyá mi ló ṣàìsàn. Láti ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ti ń bì, tí inú ń ṣu wọ́n. Wọ́n ní kí a má dààmú, pé ẹ̀kọ gbígbóná yóò dá a dúró. Nígbà tí a fi gbé wọn láti Ìlawẹ̀ dé Adó, ojú wọn ti jìn sínú, ètè wọn ti gbẹ, wọn kò sì bá wa jiyàn mọ́. Ẹni tó bá mọ ìyá mi yóò mọ̀ pé èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ló dẹ́rù bà mí jù.

Dókítà ní kí a tètè fa omi sí wọn lára. Mo sáré lọ ra ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé. Mo rí dírípù méjì, mo rí kánúlà, mo rí gíláàfù. Ohun kan ṣoṣo ni n kò rí: giving set, ìyẹn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn tí omi ń gbà láti inú dírípù wọ inú iṣan. Ẹni tó wà ní ibi ìtajà oògùn inú ọgbà ilé ìwòsàn ní ó ti tán láti ọjọ́ Jímọ̀. Kẹ́míìsì méjì tó wà lódìkejì títì ti tilẹ̀kùn. Mo bẹ ọlọ́kadà kan, ó gbé mi lọ sí Òkèṣà, ó gbé mi dé Ìjigbò. Ibi kan ṣoṣo ló ṣí, ìyẹn sì ti ta èyí tó kẹ́yìn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Mo padà dé bá ohun tí n kò lè gbàgbé. Wọ́n ti so dírípù kọ́ sórí irin, ó kún dẹ́nu, omi inú rẹ̀ mọ́ lóló. Kánúlà ti wà ní ọwọ́ ìyá mi, wọ́n fi plaster lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Omi wà lókè, iṣan wà nísàlẹ̀, kò sí ohun tí yóò so wọ́n pọ̀. Nọ́ọ̀sì wo ọwọ́ mi, ó rí i pé òfìfo ni. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí kankan?" Mo mi orí. Òun náà kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Ìyá àgbà kan ló wà ní bẹ́ẹ̀dì igun, tí wọ́n ń tọ́jú ọmọ wọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ. Ará Ìjerò ni wọ́n. Mo rò pé wọ́n ti sùn. Wọ́n gbórí sókè, wọ́n ní, "Kí lẹ ń wá kiri?" Nọ́ọ̀sì dárúkọ rẹ̀. Orúkọ òyìnbó yẹn kò yé wọn. "Ṣé rọ́bà gígùn un nì?" Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fa àpò náà yọ, wọ́n tú okùn ẹnu rẹ̀, wọ́n sì mú ọ̀kan jáde nínú ọ̀rá rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí i. Nọ́ọ̀sì yẹ ọ̀rá náà wò bóyá ó lu, ó ka ọjọ́ tó wà lára rẹ̀, ó ya á. Kí n tó gbójú sókè, omi ti ń kán.

Mo kúnlẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀, n kò mọ èyí tí mo ṣe. Mo na owó sí wọn. Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tí wọn kò kọ́ dáadáa. Wọ́n ní, "A kì í tà á. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ra òmíràn kí o dá a padà síbẹ̀."

Òfin àpò náà kò ju ìyẹn lọ. Ohun tí o bá mú, òun gan-an ni wàá dá padà, kì í ṣe owó rẹ̀, kì í sì í ṣe lọ́la. Bí wọ́n bá ní kí ẹ máa lọ sílé, fi ohun tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ yín sínú rẹ̀. Gíláàfù bíi mẹ́wàá wà nínú rẹ̀, sírínjì, òwú tó ti dé ìdajì, giving set kan tó kù, àti kánúlà kékeré ti ọmọdé tí ẹnikẹ́ni nínú wọ́ọ̀dù náà kò lè lò, àmọ́ tí wọn kò jẹ́ dà nù. Mo bi ìyá náà léèrè ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wọn kò mọ̀. Obìnrin ará Ìkọ́lé kan ló fi lé wọn lọ́wọ́ kó tó lọ sílé, òun náà sì gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ẹgbàárùn-ún ẹ̀kán

N kò lè sùn mọ́. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún mi pé kí n máa ṣọ́ omi náà, ó sì kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń kà á: irú rọ́bà yẹn, ogún ẹ̀kán ni mílílítà kan. Mílílítà 500 ló wà nínú dírípù. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí fóònù, ó jẹ́ ẹ̀kán 10,000. Ẹgbàárùn-ún. Bí ó bá ń kán ní ọgọ́ta ní ìṣẹ́jú kan, yóò gbà tó wákàtí mẹ́ta dín díẹ̀. Mo ní àkókò tó pọ̀, nítorí náà mo tan iná fóònù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó wà lára gbogbo ọ̀rá tí mo ti ra.

Gíláàfù: Màléṣíà. Kánúlà: Íńdíà. Rọ́bà Ìyá Ìjerò: Ṣáínà. Mo gbé ojú sókè wo dírípù fúnra rẹ̀, mo ti múra láti kà Ṣáínà lẹ́ẹ̀kejì. Nàìjíríà ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà NAFDAC. Ìyẹn yà mí lẹ́nu. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo wá mọ̀ pé dírípù oníyọ̀ àti ti ṣúgà wà lára àwọn ohun tí òfin àwọn aṣọ́bodè kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó wọ ìlú, pọ̀ mọ́ parasítámọ́ọ̀lù oníhóró àti àwọn mìíràn bẹ́ẹ̀. Ilé ni wọ́n ti ń ṣe é.

Ẹ̀mí mi kọ́kọ́ fẹ́ kẹ́gàn rẹ̀. Omi àti iyọ̀ náà kọ́? Gíráàmù mẹ́sàn-án iyọ̀ nínú lítà omi kan, ìyẹn ni pé iyọ̀ inú ọ̀rá tó wà lórí ìyá mi kò ju nǹkan bíi ṣíbí ìmutíì kan lọ. Àmọ́ mo lọ kà nípa rẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹnu mi sì wọlé. Omi tó bá máa wọ inú iṣan kì í ṣe ẹgbẹ́ omi inú ọ̀rá tí a ń mu lójú títì. Bí o bá se omi títí kòkòrò inú rẹ̀ fi kú pátá, òkú kòkòrò náà ṣì lóró, ó lè dá ibà àti òtútù sí aláìsàn lára. Nítorí náà wọ́n ní láti sọ omi náà di ooru kí wọ́n tó tún sọ ọ́ di omi, kí wọ́n rọ ọ́ sínú ọ̀rá níbi tí ekuru kò ti gbọ́dọ̀ dé, kí wọ́n sì tún se òun àti ọ̀rá rẹ̀ nínú ìkòkò onítìpá tí ooru rẹ̀ tó 121 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì. Ẹ ro iye dísù tí jẹnẹrétọ̀ yóò mu. Àwọn ọmọ Nàìjíríà kan sì ń ṣe èyí lójoojúmọ́.

Èyí tó ṣòro la ń ṣe, rọ́bà tí yóò gbé e délé ni a kò rí rà ní aago méjì òru. Títí tí ilẹ̀ fi mọ́, òun ni mò ń rò bí omi náà ṣe ń kán.

Kì í ṣe orí ló wọ́n wa

Inú bí mi láàárọ̀, bí ó ṣe máa ń bí gbogbo wa. Ìpínlẹ̀ tí a ní ọ̀jọ̀gbọ́n ju iṣu lọ, tí àwa fúnra wa fi ń yangàn pé kò sí agboolé tí kò ní dókítà ìwé, a kò lè ṣe rọ́bà! Mo sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta èlò ilé ìwòsàn ní Adó. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ ṣe é, kí n wo ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ ẹ."

Mo ní gbogbo ilé ìwòsàn ni yóò rà á. Ó ní, "Rírà kọ́ ni mo wí. Ta ni yóò sanwó?" Ó wá sọ ti ara rẹ̀ fún mi. Ó kó ọjà fún ilé ìwòsàn kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí dọ́là kan ṣì wà ní nǹkan bíi ₦460. Wọ́n ní kó ní sùúrù. Ó ní sùúrù. Ní oṣù kẹfà ọdún yẹn ìjọba tú náírà sílẹ̀, kí ọdún tó yí po dọ́là ti kọjá ₦1,500. Nígbà tí owó rẹ̀ fi jáde, gbogbo rẹ̀ kò lè ra ìdá mẹ́ta ẹrù tó kó fún wọn. Kò sì kó ọjà lọ síbẹ̀ mọ́. Ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje. Bí pẹpẹ ilé ìkóoògùn ṣe ń di òfìfo nìyẹn, a ó wá máa bú nọ́ọ̀sì.

Bí alágbàtà kò bá lè fara da irú èyí, báwo ni ẹni tó ń ṣe nǹkan náà fúnra rẹ̀ yóò ṣe fara dà á? Ó ní òṣìṣẹ́, ó ní gbèsè báǹkì, ó ní ẹ̀rọ tí kò gbọ́dọ̀ dúró. Ní ọdún 2017 Igbákejì Ààrẹ ìgbà náà, Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, ṣí ilé iṣẹ́ sírínjì ńlá kan ní Awa, ní ìjọba ìbílẹ̀ Onna, ìpínlẹ̀ Akwa Ibom. A pàtẹ́wọ́. Síbẹ̀ sírínjì láti òkè òkun ń wọlé wọ̀ọ̀rọ̀wọ́, wọ́n sì rọjú ju èyí tí a ń ṣe nílé lọ, títí di ọdún 2024 tí mínísítà ètò ìlera fi pàṣẹ pé kí NAFDAC má fún ẹnikẹ́ni ní ìwé àṣẹ láti kó wọn wọlé mọ́. Ní oṣù kẹfà ọdún kan náà ni Ààrẹ fọwọ́ sí àṣẹ tó mú owó ibodè kúrò lórí ẹ̀rọ àti èròjà tí wọ́n fi ń ṣe oògùn. Ó di ọdún 2025 kí àwọn aṣọ́bodè tó kéde pé àwọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé e. Ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ se omi kò lè fi àṣẹ tí kò tíì ṣiṣẹ́ ra dísù.

Àwa ní Èkìtì mọ̀ nípa ilé iṣẹ́ tí wọ́n ṣí pẹ̀lú ìlù. Ẹ lọ sí Ìrè, kí ẹ béèrè ìtàn ilé iṣẹ́ bíríkì alámọ̀ sísun tó dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Amọ̀ kò tán ní Ìrè rí. Àwọn àgbà ní ìyàwó níní kò ṣòro, owó ọbẹ̀ ló ṣòro.

Owó tó yẹ kó máa yí

Ohun tí Ìyá Ìjerò ń ṣe kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1987 àwọn mínísítà ètò ìlera ilẹ̀ Áfíríkà pàdé ní Bàmákò, ní Málì, wọ́n sì fẹnu kò sí ètò kan: kí a fún àwọn ilé ìwòsàn ní oògùn ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tà á ní owó pọ́ọ́kú, kí owó tó wọlé ra òmíràn, kó máa yí bẹ́ẹ̀ láé. Olíkóyè Ransome-Kuti ni mínísítà tiwa nígbà náà, Nàìjíríà sì gbà á. Títí dòní, ètò oògùn àyípo yìí ṣì wà nínú ìwé ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba.

Ẹ jẹ́ ká wá fi í wé àpò abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nínú àpò, nǹkan ló ń padà, kì í ṣe owó, nítorí náà dọ́là kò lè jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà. Ọjọ́ kan náà ló gbọ́dọ̀ padà. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ kò lè yá a fi san owó oṣù tàbí fi ra epo sí ọkọ̀ ọ̀gá. Gbogbo ẹni tó mú nínú rẹ̀ ni ẹlòmíràn ń wò. Ìyá tí kò lè ka orúkọ ohun tó ń pín ló ń darí rẹ̀, kò sì tíì tán. N kò sọ pé kí ilé ìwòsàn máa fi Ghana-must-go ṣe ilé ìkẹ́rù. Ohun tí mò ń sọ ni pé owó gíláàfù gbọ́dọ̀ padà di gíláàfù kó tó di ohun mìíràn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé bí a bá ti ń ṣe gbogbo rẹ̀ nílé, ìyà ti tán. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ìjì Helene da omi bo ilé iṣẹ́ Baxter ní North Cove, ní North Carolina. Ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo yẹn ló ń pèsè nǹkan bí ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún dírípù tí gbogbo Amẹ́ríkà ń lò. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn ilé ìwòsàn ńláńlá níbẹ̀ ń sún iṣẹ́ abẹ síwájú, wọ́n ń ṣọ́ omi oníyọ̀ lò. Mo ka ìròyìn náà lọ́dún yẹn, mo ní "ó mà ṣe o", mo sì kọjá lọ. Ọdún 2020 burú ju ìyẹn lọ fún wa: ní oṣù kẹta, Íńdíà dá èròjà àti oògùn 26 dúró fúngbà díẹ̀ pé wọn kò gbọ́dọ̀ jáde, parasítámọ́ọ̀lù wà lára wọn. Parasítámọ́ọ̀lù tí a fòfin dè pé ilé ni kí a ti ṣe é, èròjà rẹ̀ ń wá láti òkèèrè.

Òwú ìyá ìyá mi

Wọ́n máa ń bi mí pé kí ni kí Èkìtì wá ṣe. Ẹlòmíràn yóò ní ilé iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, nítorí ó dùn-ún sọ létí gbohùngbohùn. Yaba ní Èkó ti ṣe é rí. Láti 1940 títí di 1991 ni wọ́n fi ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára ìgbóná, ibà pọ́njú àti dìgbòlugi níbẹ̀, kó tó dáwọ́ dúró. Èmi kò ní bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. N kò sì ní bẹ̀rẹ̀ láti rọ́bà giving set, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló kó mi sínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí irú pílásítíìkì tí wọ́n fi ń ṣe é kò sún mọ́ wa.

Òwú àti gọ́ọ̀sì ìdiegbò ni èmi yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ìyá ìyá mi hun kíjìpá ní Ìlawẹ̀ lórí òfì tó dúró gbọọrọ lára ògiri. Àwọn fúnra wọn ló ń gbọ̀n òwú, tí wọ́n ń ran án, kí wọ́n tó hun ún. Gọ́ọ̀sì kò ju aṣọ òwú tí a hun láìfún mọ́ra lọ, tí a fọ ọ̀rá ara òwú náà kúrò kí ó lè máa fa ẹ̀jẹ̀, tí a bó títí ó fi funfun, tí a gé, tí a sì fi ooru pa kòkòrò ara rẹ̀. N kò sọ pé kí a gbé òfì ìyá àgbà jáde. Ẹ̀rọ ni yóò hun ún, òwú sì lè wá láti ìhà Àríwá tí wọ́n ti ń gbìn ín. Mo kàn ń sọ pé nínú gbogbo ohun tó wà nínú ìwé pélébé yẹn, èyí ni ọwọ́ wa sún mọ́ jù, òun sì ni kò sí wọ́ọ̀dù tí kì í lò ó lójoojúmọ́.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni tó fi bíríkì kan lé bíríkì, kí àwọn ilé ìwòsàn tó wà ní ìpínlẹ̀ yìí, ti ìjọba àti ti aládàáni, kọ́kọ́ jókòó kọ iye gọ́ọ̀sì tí wọ́n ń lò lóṣù sílẹ̀. Kí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn yóò rà á. Kí owó rẹ̀ wà ní àpò ọ̀tọ̀ tí ọwọ́ ọ̀gá kankan kò tó. Mo mọ̀ pé ó kéré lójú. Kò sí ẹni tí yóò wá gé ríbọ́ọ̀nù níbi tí wọ́n ti ń ka gọ́ọ̀sì.

Ẹ̀ẹ̀kejì

Ìyá mi ti gbádùn. Wọ́n ti padà sẹ́nu iyàn jíjà, wọ́n ní ẹ̀kọ tí àwọ́n mu ló kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Bí ilẹ̀ òru ọjọ́ náà ṣe mọ́ ni mo ra giving set méjì, owó méjèèjì kò tó owó àwo iyán kan, mo sì fi wọ́n sínú àpò náà lójú Ìyá Ìjerò. Wọ́n kà á, wọ́n tún okùn ẹnu rẹ̀ dì.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo mú ìyá mi padà lọ fún àyẹ̀wò. Nígbà tí wọ́n ń dúró de dókítà, mo yà sí wọ́ọ̀dù náà. Ìyá Ìjerò àti ọmọ wọn ti lọ sílé. Obìnrin kan tí kò lè ju ọgbọ̀n ọdún lọ ló jókòó sí igun, ó ń fẹ́ àbẹ̀bẹ̀ sí ìyá rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, mo yọjú wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àpò náà wà níbẹ̀. Wọ́n ti pààrọ̀ okùn ẹnu rẹ̀.

Obìnrin náà rí mi. Ó wo ọ̀rá tó wà lọ́wọ́ mi. "Ẹ káàsán sà. Kí lẹ mú wá?"

Mo ní ọsàn ni.

Ó ní, "Ẹ ṣé o. Ẹ gbé e síbẹ̀ yẹn." Ó fẹ́ ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. "Ẹ ò wá mú gíláàfù?"